Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé oúnjẹ àdàlù Éṣíà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ilé oúnjẹ kékeré tó ń lu oúnjẹ Éṣíà pọ̀ mọ́ ti ilé wa, tó sì ní káńtà ọtí, pọ̀ ju ohun tí ojú ewé wa lè gbà lọ. A mú méje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n máa kùn àti irú fìtílà tí wọ́n máa so kọ́. A óò dé orí fìtílà. Àmọ́ ibi tí èèyàn máa gbà kọjá àti ibi tí èéfín máa gbà jáde la fi ṣáájú, nítorí ọ̀dà ò tó ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ méjì tún ṣe, ṣùgbọ́n ojú ihò èéfín tí wọ́n gbàgbé láti dá sílẹ̀, ògiri ni wọ́n máa fọ́ kó tó wá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ti sanwó ṣọ́ọ̀bù kan ní Sùúrùlérè, mítà 6 ní ìbú, mítà 11 ní gígùn. Ẹni tó bá mi wá a ní ó gba ọgọ́ta èèyàn. Mo fẹ́ kí káńtà ọtí hàn láti ẹnu ọ̀nà. Báwo ni kí n ṣe tò ó?
*Oníṣọ́ọ̀bù tuntun, Sùúrùlérè*

Kò gba ọgọ́ta. Ó gba 26, àwọn 26 yẹn á sì jẹun láìfi ìgúnpá gún ara wọn.

Ilẹ̀ yín jẹ́ mítà 66 níbùú lóòró. Ibi ìdáná, yàrá ìkẹ́rùsí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á gba bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nǹkan bíi mítà 26, ẹ̀yìn ni kí ẹ kó gbogbo wọn sí. Ó ku mítà 40 níwájú: ìbú 6, gígùn bíi 6.6. Ibẹ̀ ni owó yín ti máa wọlé.

Ẹ wá mú téèpù, kí ẹ wọn ìbú yẹn láti ògiri ọ̀tún sí ògiri òsì. Bẹ́ǹṣì gígùn tó fara ti ògiri ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 50. Tábìlì, 75. Àga tó kọjú sí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ẹni tó jókòó sórí rẹ̀, 60. Ọ̀nà tí agbáwo máa gbà, 120. Àga gíga tó wà níwájú káńtà, 60. Káńtà fúnra rẹ̀, 60. Ibi tí agbọ́tí ń dúró sí, 90. Pẹpẹ ìgò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, 60. Ẹ rò ó pọ̀, mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 75 ni. Ẹ má ṣe fi 25 tó ṣẹ́ kù ra tábìlì. Ògiri ṣọ́ọ̀bù kì í sábà gún, símẹ́ǹtì ìrẹ́ògiri àti pákó tí ẹ máa kàn mọ́ ọn á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà agbáwo á sì gba ìyókù.

Bẹ́ǹṣì tó gùn tó mítà 6.3 gba tábìlì ẹlẹ́ni-méjì 7: tábìlì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 60, àlàfo 30 wà láàárín wọn kí ẹni tó fẹ́ wọlé sórí bẹ́ǹṣì lè rí ibi gbà. Èèyàn 14 nìyẹn. Káńtà tó gùn ní mítà 3.6 gba ẹni 6, torí èjìká èèyàn kan kò ní kéré sí 60. Ní iwájú káńtà lápá fèrèsé, mítà 3 ṣẹ́ kù, ó gba tábìlì ẹlẹ́ni-méjì 3. Àpapọ̀ rẹ̀, 26. Tí ẹni mẹ́rin bá wọlé pọ̀, ẹ so tábìlì méjì pọ̀. Ẹ má ra tábìlì ẹlẹ́ni-mẹ́rin ńlá, torí tọkọtaya kan ló máa máa jókòó sí i, àga méjì á sì wà lófìfo ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

A mọ̀ọ́mọ̀ ní kí tábìlì jìn tó 75. Oúnjẹ Éṣíà kì í wá nínú àwo kan ṣoṣo. Abọ́ ìrẹsì ń bẹ, abọ́ ọbẹ̀ ń bẹ, abọ́ kékeré tí wọ́n ń da ọbẹ̀ ṣóyà sí ń bẹ, àwo tí gbogbo wọn jọ ń mú níbẹ̀ sì wà láàárín. Ẹni tó gé tábìlì rẹ̀ sí 60 láti fi rí àyè tò sí i, abọ́ á máa já sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Gíga tábìlì, 75. Gíga àga, 45. Àmọ́ tí ẹ bá fi tìmùtìmù bo bẹ́ǹṣì, fóòmù máa ń rì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 tí èèyàn bá jókòó lé e, nítorí náà ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì náà dé 48. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì á dà bí ọmọdé níwájú ẹni tó wà lórí àga. Kí ẹsẹ̀ tábìlì jẹ́ òpó kan láàárín, kó má jẹ́ mẹ́rin ní igun, torí ẹsẹ̀ igun ni orúnkún ẹni tó ń wọ inú bẹ́ǹṣì máa ń gbá.

Ohun kan tí àwọn ayàwòrán ilé láti òkè òkun kì í rántí: àwọn oníbàárà wa ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, ọ̀pọ̀ sì ń fi ọwọ́ jẹun. Ní Jàpáànù, aṣọ ìnuwọ́ kékeré tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì fún, tí wọ́n ń pè ní oshibori, ni wọ́n ń gbé fún àlejò bó bá ti jókòó. Ẹ lè gbé e fún wọn níbí náà, ó dùn mọ́ni, àmọ́ ẹ tún ṣe síńkì ìfọwọ́ kan síta ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí etí rẹ̀ ga tó 85 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹnikẹ́ni má baà tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí omi.

Ilé oúnjẹ wa ti ṣí fún oṣù mẹ́rin. Bí agbada bá ti gbóná báyìí, èéfín ata á gba ibi ìjẹun kan, gbogbo èèyàn á máa wúkọ́. Aṣọ àwọn oníbàárà ń rùn epo lọ sílé. Fáànù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ń yí, ó sì ń pariwo. Kí ló fà á?
*Ìyá Olóúnjẹ, Bódìjà, Ìbàdàn*

Ẹ kú ìfaradà, mà. Fáànù yín ń yí lóòótọ́, kò kàn rí afẹ́fẹ́ fà ni.

Ẹ dán èyí wò lónìí. Ẹ tan iná agbada, ẹ tan fáànù, kí ẹ ti fèrèsé bí ẹ ṣe máa ń tì í tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ ya bébà ìnùdí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ mú un dání lẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín ibi ìdáná àti ibi ìjẹun. Tí bébà náà bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ agbada, ó dára. Tó bá rọ̀ dẹẹrẹ, tàbí tó ń fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹun, ẹ ti rí ìdí ikọ́. Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ibi ìdáná. Tí bébà bá yí padà lójú ẹsẹ̀, àìsí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ni àrùn ilé yín. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ rí èyí tó máa rọ́pò rẹ̀.

Iná agbada àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe ẹgbẹ́ iná sítóòfù ilé. Ojú iná kan nílé ń mú bíi kìlówáàtì 3 wá. Ti agbada ilé oúnjẹ tó 30, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù ojú fèrèsé tí ń gbé òórùn ọbẹ̀ jáde nílé kò lè gbé èéfín ìyẹn. Ohun tó yẹ kó wà lókè rẹ̀ ni ìbòrí èéfín tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe. Kó yọ kọjá etí sítóòfù ní sẹ̀ǹtímítà 15 lápá kọ̀ọ̀kan, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà ní bíi mítà 2 sí ilẹ̀. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín á ti tàn káàkiri kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Fún iná tó le bẹ́ẹ̀, tí ìbòrí sì fara ti ògiri, ẹ ṣírò afẹ́fẹ́ tó tó mítà 2,200 níbùú, lóòró àti ní gíga láàárín wákàtí kan fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ìbòrí fi gùn. Ìbòrí tó gùn ní mítà 2.4 á fẹ́ bíi 5,300. Ẹ fi ihò tàbí fáànù kejì mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bíi 4,200, wọlé láti ìta sí ibi ìdáná gan-an. Ìyókù á wá láti ibi ìjẹun, ìyẹn ló sì máa mú kí afẹ́fẹ́ máa ṣí lọ sọ́dọ̀ agbada nígbà gbogbo. Tí ẹ bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wá láti ibi ìjẹun, afẹ́fẹ́ tútù tí ẹ fi iná mànàmáná rà ni ẹ ń tú sójú ọ̀run, ilẹ̀kùn àbáwọlé á sì máa le láti ṣí.

Ẹ yẹ ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù dojú kọ wò pẹ̀lú. Èyí tó ń fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná kọjá á gbá èéfín kúrò lábẹ́ ìbòrí bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fìtílà. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí apá mìíràn kí ẹ tó náwó kankan.

Asẹ́ tó wà nínú ìbòrí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-nẹ́ẹ̀tì. Epo máa ń dí i, tí iná bá sì ràn, ó máa ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sókè. Irú èyí tó ní irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ tí a sì tò ní ẹsẹẹsẹ ni kí ẹ rà, kí wọ́n fi í sí ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí epo lè ṣàn bọ́ sínú ìkòkò kékeré tó wà ní etí rẹ̀. Alaalẹ́ ni kí wọ́n máa yọ ọ́ fọ̀. Páìpù èéfín kò gbọ́dọ̀ ní ìgbúnwọ́ púpọ̀, kí ilẹ̀kùn ìfọ̀ kan wà níbi ìgbúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ sókè òrùlé. Ẹ má kọ ọ́ sí fèrèsé aládùúgbò. Tí ẹ bá tún ń fi èédú sun nǹkan, ìbòrí àti páìpù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, torí ẹ̀ta iná tó bá fò bọ́ sínú páìpù tó ti dọ̀rá lè dá iná sílẹ̀.

Nípa gáàsì: ìta ni kí sílíńdà máa gbé, nínú àgò irin. Gáàsì ìdáná tí a ń rà nínú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ wá, ó sì máa ń lúgọ sínú gọ́tà. Nítorí náà, ihò tó máa tú u jáde gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ògiri, ẹ̀rọ tó ń ké tó bá jò náà, nísàlẹ̀ ni. Epo tó ń jó kò fẹ́ omi rárá. Ẹ ra ìgò ìpaná tí wọ́n ṣe fún epo ìdíngbẹ, kí ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná, ẹ má gbé e sẹ́yìn sítóòfù. Tí iná ìjọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò sì gbé fáànù, kí ẹ pa agbada títí fáànù á fi padà.

Ẹja tí a gé ní tútù fún sushi dà bí ohun tó ti bàjẹ́ lábẹ́ iná wa, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà la rà á. Bí a bá sì bọ́ sórí ínfátà, iná á máa ṣẹ́jú.
*Alásè, Yábàá*

Ẹ wo páálí gílóòbù yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 6500K níbẹ̀ (nọ́ńbà tó ní K yìí ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná: bó bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń pọ́n tó). Iná funfun tó ń fà sí àwọ̀ ojú sánmà ni, ó sì máa ń pa àwọ̀ pupa. Ẹja sámọ́nì á dà bí eérú, ojú oníbàárà tó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ á dà bí ti aláìsàn. Lórí tábìlì, 2700K ni. Lórí káńtà tí ẹ ti ń gé ẹja, 3000K. Nínú ibi ìdáná, 4000K, torí ẹni tó ń gé nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìdọ̀tí. Nọ́ńbà kejì tó yẹ kí ẹ wò ni CRI, ìyẹn bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an. Kó má dín ní 90. Ọ̀pọ̀ gílóòbù ọjà jẹ́ 80, ó tó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tó fún ẹja tútù.

Fìtílà tó ń so rọ̀ lókè tábìlì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi 75 sí 85 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ojú tábìlì. Tó bá ga ju ìyẹn lọ, gílóòbù á máa ta sí ẹni tó jókòó lójú. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ jù, ẹni méjì ò ní rí ojú ara wọn. Ẹ pín iná sí ojú okùn mẹ́rin pẹ̀lú bọ́tìnnì tirẹ̀: tábìlì, káńtà, ara ògiri, àti iná ìgbálẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kedere, tí ẹ kò ní tàn títí oníbàárà á fi lọ tán.

Iná tó ń ṣẹ́jú, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára ni kí ẹ rà. Èkejì ni bọ́tìnnì tó ń rẹ iná sílẹ̀. Àwọn àtijọ́, gílóòbù onírin ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí ohun tó wà lórí rẹ̀ kò bá tó 40 wáàtì. Gílóòbù LED 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5 kò ju 30 lọ, ó di dandan kó máa gbọ̀n. Ẹ ra bọ́tìnnì tí wọ́n kọ LED sí, kí ẹ sì rí i pé gílóòbù náà jẹ́ irú tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀.

A ní ilé oúnjẹ kékeré pẹ̀lú káńtà ọtí ní Peckham. Ògiri bíríkì, gíláàsì, ilẹ̀ kọnkéré. Bí èèyàn 20 bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan ní ká ra fóòmù onígun-gún lẹ̀ mọ́ àjà.
*Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, London*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra fóòmù yẹn. Ní February 2003, iná jó ilé ijó kan ní West Warwick, ní Rhode Island, Amẹ́ríkà, fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti fi gba ariwo ló ràn án, èèyàn 100 kú. Ní January 2013, ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Santa Maria, Brazil: fóòmù orí àjà gbiná nínú ilé ijó, èèyàn 242 kú, èéfín májèlé rẹ̀ ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀mí kò ní ìpààrọ̀.

Ohun tí ẹ ń wá ni òwú òkúta (rock wool), tí kì í jó. Ẹ ra èyí tí wọ́n gé sí pẹlẹbẹ, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, 60 lórí 120. Ẹ fi férémù pákó yí i ká, kí ẹ fi aṣọ tí wọ́n ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kó gbiná sí bò ó. Àjà ni kí ẹ so ó mọ́, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 wà láàárín òun àti àjà, nítorí àlàfo yẹn ló máa mú ohùn tó nípọn. Tí ibi ìjẹun yín bá tó mítà 40 níbùú lóòró, 18 irú pẹlẹbẹ yìí á bo bí ìdá kan nínú mẹ́ta àjà, ẹ óò sì gbọ́ ìyàtọ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá aṣọ kan dára: ẹ gbé e mọ́ ẹnu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí èémí bá kọjá, ohùn náà á kọjá dé inú òwú. Aṣọ òkè tí wọ́n hun ṣákálá yege. Aṣọ oníke kò yege.

Ẹ tún wo ìwé àṣẹ yín. Ní England, láti ọjọ́ 1 September 2020, Class E, ọ̀kan lára ẹ̀ka tí òfin pín ìlò ilé sí, ni wọ́n ka ilé oúnjẹ sí, àmọ́ ilé ọtí wà lọ́tọ̀. Tí káńtà ọtí bá wá di olórí iṣẹ́, ẹ lè nílò àṣẹ tuntun, ẹ bi káńsù kí ẹ tó fa káńtà gùn.

Ìyá mi fi àdìrẹ tó pọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ṣé ó lè bá ilé oúnjẹ Éṣíà mu? Ẹni tó ń bá mi ṣètò ilé ní kí n gbé ère Buddha ńlá sẹ́yìn ìgò ọtí, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ Ṣáínà sára ògiri.
*Ọmọ Aláró, Abẹ́òkúta*

Àdìrẹ yín bá a mu ju ohunkóhun tí ẹ lè fi owó rà lọ. Àwọn ará Jàpáànù ń rẹ aró láti ara ewé kan tí wọ́n ń pè ní ai, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ewé ẹ̀lú rẹ ẹ́. Wọ́n ń di aṣọ ní kókó kí wọ́n tó rẹ ẹ́, wọ́n ń pè é ní shibori. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò àdìrẹ oníko ni. Wọ́n tún ń fi ìrẹsì ṣe lẹ́ẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gba inú bébà tí wọ́n gé ihò sí kọjá, kí aró má baà mú ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya lẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ á mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni. Ìdàpọ̀ tó jinlẹ̀ ti wà nínú àpótí ìyá yín.

Ẹ fi díẹ̀ ṣe noren, ìyẹn aṣọ abẹ́nu-yà tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Jàpáànù. Wọ́n á ta á síta tí ọjà bá ṣí, wọ́n á ká a wọlé tó bá tì. Fún ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ ní 90, ẹ gé ègé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 48, kí ẹ rán wọn pọ̀ lókè níwọ̀n bíi 12 péré, kí ìyókù là. Ti ọ̀nà ibi ìdáná kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju 45 lọ, torí agbáwo tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ má fi àdìrẹ bo ìjókòó. Aró máa ń yún mọ́ aṣọ, oníbàárà tó wọ léèsì funfun wá ò ní dárí jì yín. Ara ògiri, ga ju èjìká ẹni tó jókòó lọ, ni ibi tó yẹ ẹ́. Èyí tó ti gbó jù, ẹ fi gíláàsì bò ó.

Ère Buddha: rárá. Ohun ìjọsìn ni fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ọtí sì wà lára ohun tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n yẹra fún. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ní Yangon, ní Myanmar, sọ èèyàn mẹ́ta sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti ààbọ̀ nítorí àwòrán Buddha tí wọ́n fi gbohùngbohùn sí létí láti fi polówó ilé ọtí wọn. Ẹ tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, kí ẹ rò ó bóyá inú yín á dùn tí ẹnì kan ní Bangkok bá gbé opón Ifá sábẹ́ ìgò bíà láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Torii, ẹnu ọ̀nà pupa tí ń bẹ níwájú ojúbọ ní Jàpáànù, kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kàn sẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà, ẹ má kọ ọ̀kan tí ẹni tó gbọ́ èdè náà kò bá yẹ̀ wò. Fìtílà funfun, ọ̀fọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ níbẹ̀; pupa ni ti ayẹyẹ. Ẹ má ya igi ìjẹun tí wọ́n gún ní òòró sínú abọ́ ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú ní Jàpáànù ni. Ìró nọ́ńbà 4 jọ ìró ikú lédè Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà, nítorí náà ẹ lè fo tábìlì 4, kí ẹ ti 3 bọ́ sí 5. Kí ẹ sì mú ilẹ̀ kan tàbí méjì péré. Ilé tó kó ìlẹ̀kẹ̀ Íńdíà, ère Táílàndì, agboòrùn Ṣáínà àti bébà Jàpáànù jọ sínú yàrá kan ti di ìsọ̀ ẹrù òkèèrè.

Ìyẹ̀fun kan ń jábọ́ láti ara ọparun tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ àjà, ó ń dà sórí tábìlì. Ṣé ikán ni?
*Ìjẹ̀bú-Òde*

Kì í ṣe ikán. Kòkòrò kékeré tó ń lu ihò bí ojú abẹ́rẹ́ ni, sítáàṣì inú ọparun ló ń jẹ, ọparun tiwa tó wọ́pọ̀ sì ní sítáàṣì yẹn púpọ̀. Fáníìṣì tí wọ́n kùn sí i lára kò lè pa èyí tó ti wà nínú. Ẹ yọ àwọn tó ti lu kúrò, kí ẹ sun wọ́n. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ gé ọparun tó ti tó ọdún mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀pá irin lu gbogbo ojúkòó rẹ̀ já láti inú, kí ẹ rì í sínú omi tí ẹ ti po bórákìsì kílò 2.5 àti ásíìdì bóríìkì kílò 2.5 sí lítà 100. Kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹ wá nà án sí ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì lo irú ọparun bẹ́ẹ̀ fún àwo tàbí ohunkóhun tí oúnjẹ máa kàn.

Àwọn oníbàárà kì í pẹ́ lórí àga káńtà wa ní Houston. Wọ́n á mu ẹyọ kan, wọ́n á lọ sí tábìlì. Kí ló kù díẹ̀ káàtó?
*Agbọ́tí, Texas*

Ẹsẹ̀ wọn ò rí ibi gbé lé. Káńtà tó ga ní ínǹṣì 42 fẹ́ àga tó ga ní 30, kí ọ̀pá ìgbẹ́sẹ̀lé wà lára àga ní bíi 12 sí ilẹ̀. Tí àga bá ga tó 34, itan á máa há mọ́ abẹ́ káńtà. Kí ojú káńtà yọ síwájú ní 10 sí 12 kí orúnkún lè wọlé, kí ẹ sì kan ìkọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún báàgì àwọn obìnrin. Ẹni tó gbé báàgì lé itan ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn káńtà náà. Yìnyín, síńkì àti àwọn ìgò tí wọ́n ń mú jù gbọ́dọ̀ wà ní ìṣísẹ̀ kan sí agbọ́tí. Ìṣirò yìnyín: pọ́ùn 3 fún ẹni kọ̀ọ̀kan lórí káńtà, 1.5 fún ẹni tó wà ní tábìlì, nígbà kọ̀ọ̀kan tí ilé bá kún. Sake, ọtí ìrẹsì àwọn ará Jàpáànù, kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà inú fíríìjì ni kí ó wà. Ìgò tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ọtí líle tàbí ìgò òfìfo.

Níwọ̀n bí Amẹ́ríkà lẹ wà, òfin ADA, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, fẹ́ kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ náà rí ibi mu ọtí rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ rẹ apá kan káńtà sílẹ̀ sí 34 ínǹṣì, kó má ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní 27 ó kéré tán fún orúnkún, kó fẹ̀ tó 30, kí ọ̀nà tó dé ibẹ̀ fẹ̀ tó 36. Ẹ má fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbé kọ̀ǹpútà ìsanwó tàbí páálí bíà. Iwájú agbọ́tí gan-an ni kí ẹ fi í sí.